Emscher: odò kékeré tí wọ́n yí ẹnu rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti ń gbé ní Dortmund láti ọdún mélòó kan, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Odò tóóró kan ni. Omi rẹ̀ mọ́, koríko yí i ká, pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Prof, ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nítòsí mi ní ìgbẹ́ ló ń ṣàn níbí nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Òótọ́ ni. Bàbá yẹn ò purọ́, kò tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i. Mo kọ èsì fún un, ṣùgbọ́n èsì náà gùn ju ohun tí èèyàn lè máa kà lórí fóònù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti mọ orúkọ àwọn ìlú tó wà létí odò yìí láìmọ odò náà fúnra rẹ̀. Dortmund, níbi tí Sunday Oliseh àti Victor Ikpeba ti gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Gelsenkirchen, ìlú Schalke, ibẹ̀ náà ló ń gbà kọjá. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ló so ìlú wọn pọ̀. Emscher lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọ̀nà rẹ̀ ná. Odò ńlá ìwọ̀-oòrùn Jámánì, tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé, ni Rhine. Láti ìlà-oòrùn, odò mẹ́ta ń sáré lọ bá a, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tò léra: Ruhr wà ní gúúsù, Lippe wà ní àríwá, Emscher wà láàárín. Òun ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orísun rẹ̀ wà ní Holzwickede, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Dortmund, nínú àgbàlá ilé oko àtijọ́ kan, níbi tí omi ti ń sun jáde sínú adágún kékeré. Láti ibẹ̀ ó gba Dortmund, ó gba Castrop-Rauxel, ó kọjá láàárín Recklinghausen àti Herne, ó gba Gelsenkirchen, Essen, Bottrop àti Oberhausen, kó tó wá já sínú Rhine níbi tí Dinslaken àti Voerde ti pààlà. Gbogbo ìrìn yìí fi díẹ̀ lé ní 80 kìlómítà. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta ti rin ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, odò náà gùn tó nǹkan bíi 109 kìlómítà, ẹnu rẹ̀ ò sì sí níbi tó wà lónìí rárá. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Ìtàn tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Nígbà tí mo ń kọ́ yín, mo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ má fi ojú ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ wo àwòrán ilẹ̀. A máa ń rò pé Ọlọ́run ló dá òkè àti odò, pé ààlà àti ọ̀nà mọ́tò nìkan ni èèyàn dá. Emscher ò bá ìyẹn mu. Ọ̀nà tó ń tọ̀ lónìí, ìgbìmọ̀ ló jókòó yàn án, òfin ló fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n yí ẹnu rẹ̀ padà láàárín ọdún 1910 sí 2022.

Láyé àtijọ́, odò ọ̀lẹ ni Emscher. Ilẹ̀ tó ń gbà kọjá tẹ́ bí ẹní, kò dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà omi rẹ̀ kì í sáré. Á lọ́ sọ́tùn-ún, á lọ́ sósì bí ejò, bí òjò bá sì pọ̀, á bo pápá. Àbàtà àti igbó ló wà létí rẹ̀. Èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹṣin ló pọ̀. Ẹṣin inú igbó ni wọ́n, wọn ò ní olówó tó ń so wọ́n mọ́lẹ̀, orí wọn sì le débi pé àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Dickkopf, ìyẹn olóríkunkun. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń lọ mú lára wọn nínú àbàtà, wọ́n á dà wọ́n lọ sọ́jà Crange, tó wà nínú ìlú Herne báyìí. Àwọn ẹṣin náà ti tán láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ọjà Crange ò tú. Ó di ọdún àríyá. Oṣù August ni wọ́n ń ṣe é, èrò tó ń wá síbẹ̀ sì ń lọ sí mílíọ̀nù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ẹṣin ló bí i.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, torí ó fi hàn pé ìjà lórí omi ní agbègbè yẹn dàgbà ju iléeṣẹ́ ńláńlá lọ. Ní Osterfeld, tó ti di apá kan Oberhausen, àlùfáà Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Franz von der Wenge fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n á ti máa yọ́ irin. Ibi tó yàn wà létí Elpenbach, odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ sí Emscher. Àwọn sísítà ilé ìsìn Sterkrade, tí omi yẹn kan náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn nísàlẹ̀, yarí. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń fọ òkúta irin nínú odò, omi á dàrú, ẹja inú adágún àwọn á sì kú. Wọn ò rí i dá dúró. Ní October 1758 wọ́n dáná síléeṣẹ́ náà, wọ́n pè é ní St. Antony, ọjọ́ yẹn làwọn òpìtàn ibẹ̀ sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ irin ní gbogbo agbègbè Ruhr. Ó máa ń wù mí pé kí wọ́n ka àwọn sísítà yẹn náà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún.

Irin nìkan ò lè sọ odò dìdàkudà. Èédú ló ṣe é, mo ń sọ ti èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n wà ní Enugu tí reluwé wa fi rìn nígbà kan. Etí odò Ruhr ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wà á, torí kò jìn sílẹ̀ níbẹ̀. Béèyàn bá ṣe ń lọ sí àríwá ni èédú náà ń jìn sí i, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ onísítíìmù dé kí apá tó ká a. Ní ọdún 1847, reluwé tó so Cologne mọ́ Minden gba àfonífojì Emscher kọjá, ni gbogbo nǹkan bá yí padà. Gelsenkirchen, tó jẹ́ abúlé, ti lé ní 100,000 èèyàn nígbà tó fi máa di ọdún 1903. Láti apá ìlà-oòrùn Prussia, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Póláǹdì, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ọmọ àgbẹ̀ tó wá di awakùsà.

Ìlú ńlá gbọ́dọ̀ rí omi mu, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi da omi ìdọ̀tí sí. Ruhr ni wọ́n ti ń fa omi mímu. Emscher, tó kéré, tó sì wà láàárín ìlú gan-an, ló gba ìyókù: ìgbẹ́ inú ilé, omi tí wọ́n ń fà jáde nínú kòtò ìwakùsà, omi dúdú tó ń rùn láti iléeṣẹ́ tó ń sun èédú fún ilé irin.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ń rì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ni kókó ọ̀rọ̀ náà, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Bí wọ́n bá wa èédú kúrò lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ á ṣófo. Bó bá yá, ilẹ̀ tó wà lókè á rọra jókòó sínú àyè náà. Ibì kan á rì ní mítà kan, ibòmíràn á rì ju mítà mẹ́wàá lọ. Odò tí kò ní gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá bá ara rẹ̀ níbi tí iwájú ti ga ju ẹ̀yìn lọ. Omi ò lè gun òkè. Ó dúró, ó ń rà, ó wọ yàrá abẹ́ ilé àwọn èèyàn, ó bo oko. Ìlú tó wà lókè odò ń dà á sí tìsàlẹ̀, tìsàlẹ̀ ń pe tòkè lẹ́jọ́, àwọn àgbẹ̀ ń pe iléeṣẹ́ èédú lẹ́jọ́, iléeṣẹ́ èédú ń ní kì í ṣe àwọn nìkan. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà ń pa ọmọdé.

Ìlú kan ò lè dá a ṣe. Èyí tó bá tún odò tiẹ̀ ṣe kàn ń lé omi lọ sí ti aládùúgbò rẹ̀ ni. Ní December 1899, àwọn aṣojú ìlú, iléeṣẹ́ èédú àti iléeṣẹ́ irin pàdé ní Bochum, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Emschergenossenschaft. Ní July 1904, ìjọba Prussia ṣe òfin pàtàkì kan fún un. Òfin yẹn ò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni: ìlú tàbí iléeṣẹ́ tó bá wà lágbègbè odò náà gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá owó bí ìpalára tó ń ṣe àti àǹfààní tó ń jẹ bá ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní, Essen ni oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìjọba ìbílẹ̀ méjì ṣe ìpàdé lórí gọ́tà kan ṣoṣo.

Láàárín ọdún márùn-ún yẹn ni àjàkálẹ̀ táífọ́ọ̀dù bẹ́ sílẹ̀ ní Gelsenkirchen, ní 1901. Ó lé ní 3,000 èèyàn tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Robert Koch, dókítà tó ṣàwárí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wà lára àwọn tó wá wádìí rẹ̀. Ẹ máa rí i ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Emscher ló fa àìsàn yẹn. Ẹ rọra o. Ibi tí ẹ̀rí tọ́ka sí ni páìpù: wọ́n ti fa omi Ruhr tí wọn ò sẹ́ sínú omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fún aráàlú mu. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní 1904, ibẹ̀ sì ni Rudolf Emmerich, onímọ̀ ìlera láti Munich, ti ń jà fún èrò pé ilẹ̀ tí ìdọ̀tí ti rin gbingbin ló bí àrùn náà, kì í ṣe omi mímu. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló jẹ̀bi, ẹ̀bi iléeṣẹ́ omi á fúyẹ́; ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n àrùn yẹn, bó ti wù kí ọ̀nà tó gbà wọlé jẹ́, dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè ní kí wọ́n ṣì dúró ná lórí ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí.

Ó dáa. Kí ni ẹgbẹ́ yìí wá ṣe? Wilhelm Middeldorf, ẹnjinníà, ló ya àwòrán iṣẹ́ náà. Wọ́n fa Emscher tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Gbogbo ibi tó ti ń lọ́ ni wọ́n gé dànù, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ òkìtì gíga sí apá méjèèjì kí omi má bàa kún wọ̀lú. Odò kéékèèké tó ń sàn wọ inú rẹ̀ náà gba kọnkéré tiwọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára kìlómítà tó sọ nù gbà lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè pé ṣé wọn ò mọ páìpù ni, tí wọn ò fi bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ bíi tàwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilẹ̀ ń rì. Páìpù tó wà nínú ilẹ̀ tó ń rì á ṣẹ́, ìdọ̀tí á máa jò sílẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, ojú á rí ibi tó ti bàjẹ́, wọ́n á lọ fi kọnkéré tún un gbé sókè. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Àwọn èèyàn tó mọṣẹ́ dáadáa ló jókòó, tí wọ́n ṣírò rẹ̀, tí wọ́n wá gbà pé nínú odò mẹ́ta, àwọn á fi ọ̀kan ṣe gọ́tà kí àwọn tó kù lè gbà á sàn. Ó sì ṣiṣẹ́! Àbàtà gbẹ, ilé kúrò nínú omi, àjàkálẹ̀ àrùn dín kù. Bí mo bá ń ka àwọn tó ń kọ̀wé lónìí bíi pé ọ̀dájú ni gbogbo àwọn ará 1904, mo máa ń bi ara mi pé ṣé wọ́n tíì gbé nínú ilé tí ìgbẹ́ ẹlòmíràn ti ń wọlé báni rí. Wọn ò gbàgbé Emscher. Wọ́n fi í rúbọ ni, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní ìdí.

Nínú iṣẹ́ yẹn náà ni ọgbọ́n kan ti jáde tó rìn ju odò náà lọ. Karl Imhoff, ẹnjinníà tó bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, gbé àgbá ìsẹ́mi kan kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1906. Àjà méjì ló ní: omi á máa rọra kọjá lókè, ẹ̀gbin inú rẹ̀ á máa rì bọ́ sínú yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí kòkòrò á ti jẹ ẹ́ títí tí kò fi ní rùn mọ́. Ẹ̀yin ẹnjinníà tó wà láàárín wa kọ́ nípa rẹ̀ nílé ìwé gẹ́gẹ́ bí Imhoff tank. Emscherbrunnen, ìyẹn kànga Emscher, làwọn ará Jámánì ń pè é.

Wàyí o, ẹnu odò. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Alsum ni Emscher ti ń wọ Rhine, abúlé kan tó di apá kan Duisburg. Nígbà tí ìwakùsà mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ rì, odò ò lè jáde dáadáa mọ́. Ní 1910 wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ lọ sí Walsum, ní apá àríwá. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà tún rì. Ní 1949 wọ́n tún gbé e, ó di Dinslaken, níbi tó ti ń já ṣòòròṣò sínú Rhine láti orí kọnkéré gíga. Bí ilẹ̀ bá ti rì, odò á sá. Bó ti sá, ìwakùsà á tún lé e bá. Ipa odò àtijọ́ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Alte Emscher, Emscher Àtijọ́, èkejì ń jẹ́ Kleine Emscher, Emscher Kékeré; pọ́ǹpù ló ń gbé omi wọn síwájú báyìí. Abúlé Alsum ní tiẹ̀ ò rí ibi sá sí. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì fọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ tó ń rì gba ìyókù, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò, wọ́n wá da àlàpà ilé tí ogun wó jọ síbẹ̀ di òkè. Alsumer Berg ni wọ́n ń pe òkè náà. Àwọn èèyàn ń gùn ún lọ wo Rhine àti iléeṣẹ́ irin.

Láàárín ìgbà yẹn sí òpin ọ̀rúndún ogún, báyìí ni wọ́n ṣe ń bá odò náà gbé. Wọ́n sọ ọ́ ní Köttelbecke. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ foríjì mí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni odò onígbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ọgbà irin yí i ká, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé ẹ̀mí lè bọ́, torí ọmọ tó bá yọ̀ bọ́ síbẹ̀ ò ní rí nǹkan dì mú lára kọnkéré tó ń yọ̀. Àwọn tó kọ́lé nítòsí kọ ẹ̀yìn ilé sí i. Bí oòrùn bá mú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ló ń gbé létí rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ mọ ìdí. Titi di òní, àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀nà mọ́tò A40, tó gba gúúsù odò náà kọjá, ni ààlà láàárín tálákà àti olówó: apá àríwá, níbi tí Emscher wà, ni ti àwọn tí ò ní.

Kí ló wá yí i padà? Mo fẹ́ kí èsì jẹ́ pé ọkàn àwọn èèyàn yí padà, ó sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣí ọ̀nà ni pé ìwakùsà kúrò lágbègbè odò náà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilẹ̀ ti ń jókòó, kò fi bẹ́ẹ̀ rì mọ́. Bí ilẹ̀ ò bá rì, páìpù ò ní ṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi rú ẹbọ náà ní 1904 ti kúrò nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1991 sí 1992, ẹgbẹ́ yẹn kan náà pinnu pé àwọn á da odò padà sí odò.

Ọgbọ̀n ọdún ló gbà wọ́n, owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù márùn-ún Yúrò. Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú rẹ̀ ò hàn sójú: páìpù ìdọ̀tí kan tó gùn tó 51 kìlómítà, láti Dortmund dé Dinslaken, lábẹ́ gbogbo ìlú wọ̀nyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ilẹ̀ orí tẹ́jú, ṣùgbọ́n páìpù gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ kí ìdọ̀tí lè máa lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé bó bá dé iwájú, á ti jìn ju ohun tí èèyàn lè máa gbẹ́ lọ. Nítorí náà pọ́ǹpù ńlá mẹ́ta, ní Gelsenkirchen, Bottrop àti Oberhausen, ló ń gbé e sókè kó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó 40 mítà. Ní òpin ọdún 2021, wọ́n ní omi ìdọ̀tí ò wọ inú Emscher mọ́. Ní November 2022, wọ́n ṣí ẹnu tuntun, ní ààlà Dinslaken àti Voerde, kò jìnnà sí ti 1949. Èyí ò já ṣòòròṣò. Ó tẹ́, ó gbòòrò, kí ẹja lè gba ibẹ̀ gòkè láti Rhine.

Ẹja kan tilẹ̀ wà tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Groppe ni wọ́n ń pè é, ẹja kékeré olórí ńlá tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ní gbogbo ìgbà tí kọnkéré àti ìgbẹ́ fi gba agbègbè náà, àwọn díẹ̀ nínú wọn sá pa mọ́ sí apá òkè odò kékeré kan tí ń jẹ́ Boye, ní apá Bottrop, níbi tí omi ò tíì bàjẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó nínú wọn lọ sí àwọn odò kéékèèké tí wọ́n ti tún ṣe. Nígbà tí mo kà á, mo rántí àwọn ẹṣin olóríkunkun yẹn.

Ní Hörde, nínú Dortmund, níbi tí iléeṣẹ́ irin ti bo Emscher mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa ní 2001, àwọn ará Ṣáínà tú u ní ìdè-ìdè wọ́n sì kó o lọ. Ní October 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sínú ihò tó kù, ó di adágún Phoenix. Emscher ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Ilé olówó ńlá ló yí adágún náà ká báyìí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fa òórùn odò yẹn símú fún ogójì ọdún lè má lè san owó ilé níbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí fọ́tò pẹ́pẹ́yẹ ò lè fi hàn. Ilẹ̀ tó rì ò tún dìde mọ́. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún agbègbè Emscher ló wà nísàlẹ̀ débi pé omi òjò ò lè fúnra rẹ̀ ṣàn jáde níbẹ̀. Pọ́ǹpù tó lé ní 100 ló ń fà á, tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá pa wọ́n, apá tó pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí á di adágún. Prosper-Haniel ní Bottrop, kòtò èédú tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, ti pa ilẹ̀kùn ní December 2018, ṣùgbọ́n iṣẹ́ omi ò lè parí. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún un: ẹrù ayérayé. Àjọ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa wá owó ìyà tí ìwakùsà fi sílẹ̀ yìí, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un pé kó ṣíwọ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo wá ní kó padà lọ bi bàbá yẹn bóyá ó ti fẹsẹ̀ rin etí odò náà láti ìgbà tí wọ́n ti tú ọgbà irin. Ó dáhùn lálẹ́ àná. Ó ní bàbá náà máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó sì ṣì ń pè é ní Köttelbecke.